Ẹ Kú Ìfúnpọ̀ o

Fáàrí ni àìsàn Àyúbà. Ẹ má rò pé mò ń bú u o. Ìgbà tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, inú òjò ló ń wà á káàkiri Ajah pẹ̀lú gbogbo wíńdò ní ṣíṣí, kí aráyé má baà rò pé ẹlòmíì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọ̀fìnkìn wá dá a dùbúlẹ̀, tí àwọn èèyàn ń kí i pé pẹ̀lẹ́, ó ní kò burú, pé ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ òun ló tutù jù.

Ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń júwe ibi tí tírélà máa páàkì sí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní kò sí ọjà ńlá kan tó ń wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé òun nawọ́ sí i. Irọ́ kọ́ ṣá, ó ń nawọ́ lóòótọ́.

Waliyat ló fẹ́. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni Waliyat, akáǹtáǹtì ni ní ọ́fíìsì kan ní Onírù, kò sì sí ohun tó kórìíra láyé yìí tó fáàrí. Bó ṣe wá gbà láti fẹ́ Àyúbà, Ọlọ́run nìkan ló yé. Nígbà tí ìgbéyàwó parí, ọ̀gá Waliyat fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú méjì ta wọ́n lọ́rẹ pé kí wọ́n lọ ṣe họ́nímúùnù ní Accra. Bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ni méjèèjì.

Ẹ ṣáà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí Àyúbà ò sọ fún ní ẹ́sítéètì wọn. Nígbà tí kò rí ẹni tuntun mọ́, ó ránṣẹ́ pe oníná pé kó wá bá òun yẹ gílóòbù pálọ̀ wò. Kò sí ohun tó ṣe gílóòbù. Oníná ṣáà gun àkàbà, Àyúbà sì dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Ibi tó o wà yẹn ga díẹ̀ o. Kò kàn tíì ga tó ibi tí mo máa jókòó sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Waliyat gbọ́ èyí láti inú yàrá. Ó dúró kí oníná lọ, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Àyúbà, gbọ́ mi dáadáa. Tí a bá ti jáde nílé yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ fáàrí kankan títí a ó fi padà dé. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá ti ẹnu rẹ jáde, orí àga pálọ̀ lo máa sùn ní Accra."

Ibi tí wọ́n gbà sí lọ́hùn-ún, yàrá kan àti pálọ̀ kan ni. Àyúbà ro àga pálọ̀, ó sì rántí pé họ́nímúùnù ni àwọn ń lọ. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó búra pé òun ò ní ṣe fáàrí.

Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n rí i pé àga bísínẹ́ẹ̀sì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará ẹ̀yìn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí àga àárín. Tábìlì kékeré kan ni wọ́n dè mọ́ ọn. Waliyat wà lẹ́bàá fèrèsé, Àyúbà wà lẹ́bàá ọ̀nà, tábìlì sì wà láàárín wọn bí ìyá ìyàwó tó wá ṣọ́ wọn. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni kọ́tìnì tó pààlà bísínẹ́ẹ̀sì wà.

Àwọn èrò ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹ̀gbẹ́ Àyúbà ni gbogbo wọn sì ń gbà kọjá. Ahọ́n ń yún un. Àwọn èèyàn rèé, fáàrí rèé nínú ikùn, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ibi tó ti ń dà á rò ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn. Fáàrí ni Waliyat ní kó má ṣe. Kò ní kó má kí èèyàn.

"Ẹ kú ìrìn o, sà," ó wí fún ọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ọ̀nà ṣì jìn o."

Ó kí obìnrin tó tẹ̀ lé e. "Ẹ kú ẹrù o, mà. Ẹ̀yìn pátápátá ni, àbí? Ẹ kú ìfaradà."

Ọmọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ló kù tó ń bọ̀. Àyúbà na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Ẹ kú ìfúnpọ̀ o."

Ọmọkùnrin náà dúró. "Ìfúnpọ̀ wo?"

"Ẹ ò tíì débẹ̀ ni," Àyúbà dá a lóhùn.

Waliyat yíjú sí i. "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń kí èèyàn ni. Àbí wọn ò kọ́ mi nílé?"

Waliyat wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà títí, kò rí i. Ta ni wọ́n fìyà jẹ rí nílẹ̀ Yorùbá torí pé ó kí èèyàn?

Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n fa kọ́tìnì, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò sì gbé oúnjẹ wá: ìrẹsì gbígbóná, itan adìyẹ, àti fọ́ọ̀kì onírin nínú aṣọ funfun. Àyúbà wo adìyẹ, ó wo kọ́tìnì. Kí ni ìwúlò adìyẹ tí ẹnikẹ́ni ò rí? Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó ṣí kọ́tìnì, ó gbé àwo náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ wá jẹun o."

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí. "Á gba ibi ire o," àwọn ará ẹ̀yìn wí, ohùn wọn ò dùn. Àyúbà pa kọ́tìnì dé. Kò pẹ́ tó tún ṣí i.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún pátápátá náà, ẹ wá jẹun o. Adìyẹ ni."

"Àyúbà," Waliyat pè é.

"Mò ń pe èèyàn wá jẹun ni. Ṣé ahun lo fẹ́ kí n jẹ́ ni?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí fìlà kan fi yọ níbi kọ́tìnì, orí bàbá arúgbó kan sì wà nínú fìlà náà. Bàbá Dúrójayé lorúkọ wọn. Ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń lọ kí ní Accra, àga tó gbẹ̀yìn gbogbo àga ni wọ́n sì ti dìde wá.

"Mo ti dé o," Bàbá wí.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́?"

"O ní kí n wá jẹun."

Àyúbà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń dáhùn pé á gba ibi ire. Ibi ire náà ló ń gbà lóòótọ́, kò kàn gba ọ̀dọ̀ mi rí ni. Mo ní kí n dán ìdáhùn kejì wò lónìí."

Waliyat ti mọ̀ pé ìgbà òun dé. "Àyúbà, Bàbá wà lórí ìdúró. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Àyúbà dìde. Ó rò pé Bàbá á jẹ ṣíbí kan, wọ́n á súre, wọ́n á sì máa lọ. Bàbá jókòó, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n mú fọ́ọ̀kì. Wọ́n jẹ ìrẹsì tán, wọ́n béèrè omi, Àyúbà gbé omi fún wọn. Nígbà tó ku egungun, Bàbá gbójú sókè wò ó.

"Ìwọ náà ò wá jẹ ni?"

"Á gba ibi ire, sà," Àyúbà wí.

"Àmín," Bàbá wí, wọ́n sì fọ́ egungun náà.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Iná bẹ́líìtì tàn. Bàbá de bẹ́líìtì wọn pinpin, wọ́n sì sùn lọ. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò sáré wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó."

"Àga mi ni Bàbá wà yẹn."

"A ò lè jí wọn dìde báyìí, sà. Ẹ lọ lo tiwọn lẹ́yìn."

Àyúbà gba kọ́tìnì kọjá. Gbogbo àwọn tó ti kí ti ń dúró dè é.

"Ẹ kú ìrìn o," ọkùnrin oníbáàgì wí. "Ọ̀nà ṣì jìn."

"Ẹ kú ìfaradà," obìnrin ẹlẹ́rù wí.

Àga Bàbá nìyẹn, lẹ́bàá ilé ìtọ̀, láàárín ìyá ọlọ́mú ńlá kan àti ọmọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ìṣáájú. Àyúbà fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọmọkùnrin náà dúró kó jókòó tán.

"Ẹ kú ìfúnpọ̀ o."

Ìyá yẹn bu bisikíìtì, ó ní, "Ẹ wá jẹun o." Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Àyúbà ò sì lè gbé e mì mọ́. Ó na ọrùn sókè láàárín wọn, ó fi igbe bọnu.

"Ẹ fetí sílẹ̀, èmi kì í ṣe ará ibí o! Bísínẹ́ẹ̀sì ni mo wà! Àga mi ni Bàbá ń sùn lé yẹn, adìyẹ mi ni wọ́n jẹ!"

Kọ́tìnì ò dí ohùn. Ó ṣí díẹ̀ níwájú, ojú Waliyat sì yọ.  Ó kàn mi orí, ó pa kọ́tìnì dé.

Wọ́n dé ibùgbé wọn ní Accra ní ìrọ̀lẹ́. Waliyat gbé ìrọ̀rí kan sórí àga pálọ̀. Àga náà kúrú, bí Àyúbà bá gbé orí lé e, ẹsẹ̀ á wà nílẹ̀. Waliyat wò ó bó ṣe ń ká ara rẹ̀ pọ̀ síbẹ̀.

"Ẹ kú ìfúnpọ̀ o," ó wí tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún Waliyat láti ilé ìdáná, ó gbà á wọ yàrá, òórùn adìyẹ gba gbogbo pálọ̀. Àyúbà ò tíì jẹun látàárọ̀. Ó gbọ́ ìró àwo, ó sì gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti inú yàrá.

"Ẹ wá jẹun o."

Inú Àyúbà dùn. Ó rántí ìdáhùn kejì tí Bàbá Dúrójayé fi kọ́ ọ, ó fò dìde, ó ní, "Mo ti dé o," ó sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Wọ́n ti tì í pa láti inú.

Àyúbà jáwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó padà sórí àga, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Á gba ibi ire o."