Ejò Nínú Ṣòkòtò Àna

Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní í ti mọ̀ kí ẹ tó la ẹnu.

Olùkọ́ kan ló ń fẹ́. Obìnrin yìí ń sin ejò kan tí kò lóró, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi téèpù ìwọ̀n, nínú àpótí onígíláàsì. Nígbà tó fẹ́ lọ sí ìdálẹ̀, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí nǹkan sú u o. Ẹ fún un ní ohun tuntun tó máa gbọ́ òórùn rẹ̀, àti ibi tó máa rá kọjá."

"Ta lò ń kọ́? Ejò ni ìyá mi fi ṣe ọ̀já nígbà tó ń pọ̀n mí!"

Inú obìnrin náà dùn. Ó ní ó ku kí bàbá òun fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì parí.

Lọ́jọ́ kejì, Mo-mọ̀-ọ́n rí ṣòkòtò ògbólógbòó tí bàbá olùkọ́ náà mú wá kí ó fi wọn tuntun. Òórùn wà nínú rẹ̀, ihò náà wà! Ó fi ọ̀pá ti ẹsẹ̀ ṣòkòtò sí ẹnu àpótí lórí tábìlì, ó sì sáré gun àga. Ejò rá wọlé, ibẹ̀ tù ú lára, ló bá sùn. Ẹni ejò bù rí ló ń sá fún ekòló. Ẹni tí ejò ò kàn rí kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ni òjò bá lé bàbá olùkọ́ wọlé, omi ń ro lára rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe lókè yẹn?"

"Mò ń nu gílóòbù ni, Bàbá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n fi ṣòkòtò mi àtijọ́ yìí pààrọ̀."

"Ẹ má wọ̀ ọ́! Mi ò... mi ò tíì lọ̀ ọ́!"

"Ta ní í bá mi lọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀?"

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n Mo-mọ̀-ọ́n, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó sọ ọ́. Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Yéè! Kí ló tutù báyìí?"

Àwọn àgbà ní ejò lọ́wọ́ nínú. Lọ́jọ́ yẹn, ejò lẹ́sẹ̀ nínú. Mo-mọ̀-ọ́n gba ojú wíńdò jáde. Bẹ́líìtì rẹ̀ há sára ìṣó, ló bá ń rọ̀ dirodiro níta.

"Ẹ gbà mí o! Ó ti dì mí mú!"

Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ bá a nígbà tó ti ìdálẹ̀ dé. Ó sáré wọlé, ó rí bàbá rẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́, tí ejò wé mọ́ ọn lórúnkún.

"Bàbá, ẹ ò sá?"

"Kí n sá lọ síbo? Òun náà ò sá."

"Ọkùnrin tí mo ní kẹ́ ẹ wá wò ńkọ́? Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?"

Bàbá rọra fọwọ́ pa ejò lórí.

"Ọmọ mi, nínú àwọn méjèèjì tó o fẹ́ mú wálé, èyí tó dúró tì mí ni mo fọwọ́ sí. Lọ tú ìkejì sílẹ̀ lára ìṣó, kó wá parí ṣòkòtò mi."