Oko Ìyá Adébọ́mi Tó Wà Nínú Odò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá fojú di wíńníwíńní, inú odò ni yóò ti ká kòkó"? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí mo ń wí kò tíì kú. Bí ẹ bá dé abà Onípanu, ẹ óo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó.

Ìyá Adébọ́mi ni kí ẹ bèèrè. Opó ni, oko kòkó kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lọ́dún náà, àwọn tó ń ra kòkó ní àwọn kò ní í ra ti ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tí àwọn bá rí ibi tí oko rẹ̀ wà gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n bá rán Gbémilékè wá. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má bá mi bú u. Ó rin oko ìyá àti ti àwọn tó bá a pààlà yí po nínú òjò, ó ń fi fóònù gba nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà láyé. Nọ́ńbà ọ̀hún gùn bí ìrù ọ̀bọ.

Ó dé ọ́fíìsì, wọ́n ní irú fáìlì mìíràn ni kọ̀ǹpútà àwọn ń gbà. Ó yí i padà sí irú èyí tí wọ́n fẹ́. Fáìlì tuntun yìí kò fàyè gba nọ́ńbà gígùn, ó bá gé ẹ̀yìn gbogbo wọn dànù. Gbémilékè rí i, ó ní, "Wíńníwíńní ẹ̀yìn yẹn, kí ló fẹ́ ṣe?"

Àbí ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀! Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa kó kòkó, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Bí ọkọ̀ bá padà lófìfo, kòkó ìyá yóò bàjẹ́, oúnjẹ ọdún kan ló sì lọ yẹn. Ọ̀gá àyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Dúrótolú, ní dandan òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí oko.

"Ẹ jẹ́ n mú yín lọ," ni ìyá wí.

"Rárá, Màmá. Fóònù ló ń mú mi lọ."

Fóònù mú un kọjá oko, ó mú un dé etí odò, ó tún ní kó máa lọ. Ọ̀gá ká ṣòkòtò. Omi mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìbàdí.

"Màmá, ibi tí mo dúró sí yìí ni oko yín!"

"Ẹ kú iṣẹ́ oko o! Ẹ bá mi ká èyí tó bá ti pọ́n."

Fálànà, tí oko rẹ̀ bá ti ìyá pààlà, pariwo láti etí odò: "Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín náà nìyí, bàbá. Ojú kan náà ni gbogbo yín wà."

"Há! Ẹ rọra o, ọ̀gá, ẹ ti tẹ ààlà mi!"

Gbogbo abà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, àfi bí omi ṣe bọ́ lójú rẹ̀. "Gbémilékè, ọmọ mi, ta ló gbé oko mi jù sómi?"

Àánú rẹ̀ ṣe ọmọkùnrin náà débi pé ó kó sódò tòun ti bàtà. "Ẹ̀bi mi ni, ọ̀gá. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀yìn nọ́ńbà." Fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí ti ọ̀gá níbẹ̀, nínú omi. Kíá, oko ìyá gòkè odò, ti Fálànà tẹ̀lé e, kálukú padà sídìí igi kòkó rẹ̀. Wọ́n di ẹrù kí òjò tó dé.

Gbémilékè kò lè gbójú sókè. Ìyá gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó ní kó jẹun, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ọ̀gá ń fún ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́, ó rí i pé nǹkan ń ta pọ́ún nínú àpò. Ó kọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ẹja kékeré kan jáde, ó gbé e síwájú Gbémilékè.

"Gbà. Kòkó tí mo ká lóko Màmá nìyí."

Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí: ẹni tó bá fojú di wíńníwíńní, inú odò ni yóò ti ká kòkó.