Ọjọ́ Tí Mo Dúpẹ́ Kí Orin Tó Parí

Bó ti wù kí n dàgbà tó, ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà, àwọn olórin òyìnbó tó pọ̀ lọ jàra, wá ṣeré ní Ìkàrẹ́.

Tíṣà ni mí ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Alága ètò ní kí n bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí orin dùùrù bá parí, kí wọ́n tó bọ́ sórí símífónì, orin gígùn tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ máa ń ṣe. N ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ara mi sì ti wà lọ́nà. Mo wọ bàtà tuntun, mo jókòó níwájú pátápátá.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ dùùrù ò wo ìwé kankan. Ìka rẹ̀ ń sáré, àwọn onífáólììnì ń dá a lóhùn. Mo ń rò ó pé, ta ló ń darí ta nínú wọn? Àfi bí gbogbo rẹ̀ ṣe dákẹ́ lójijì.

Ó parí nìyẹn! Mo gun orí pèpéle, mo gba máíkì. "Ní orúkọ gbogbo ará Àkókó…"

Adarí orin yíjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orin dùùrù yìí ṣì ku apá méjì."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀, bàtà yọ̀ mí, mo di irin kan mú. Àṣé irin tó gbé ìwé orin dúró ni! Ìwé fọ́n ká. Wọ́n yáa fi mí jókòó lórí pèpéle níbẹ̀, lẹ́yìn àwọn olórin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ni ìlù ńlá méjì.

Ọkùnrin yìí ò lu nǹkan kan, ètè rẹ̀ kàn ń mì. Ẹnu ń yún mi.

"Bọ̀ọ̀dá, àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?"

"Mò ń ka ìgbà tó máa kàn mí ni, mà." Ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Mo ti ṣì í kà!"

Ìgbà tí gbogbo èèyàn dákẹ́ jẹ́jẹ́ ni ìlù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún gbì!

Nígbà tí orin parí lóòótọ́, tí àwọn èèyàn dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, n ò mira. Adarí orin fúnra rẹ̀ ló wá fà mí lọ́wọ́ dìde. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, gbólóhùn kan péré ni mo rántí: "Ẹ ṣé, ẹ má bínú." Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù.

Láti ìgbà náà, ibi tí n ò bá dé rí, mo máa ń béèrè kí n tó dìde. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú ṣì ń tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.