Ààwẹ̀ Nítorí Francis

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ní Houston, iléeṣẹ́ ìfọpo kan ní Pasadena ní kí Olúrótìmí máa lọ sílé ná, pé bí nǹkan bá ṣẹnuure, àwọn yóò pè é. Wọn ò pè é. Ó kúkú gba láíbìrì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé: ìwé ìfẹ́, ìwé ọ̀daràn, ìwé kaobọ́ì, ìwé sáyẹ́ǹsì, kò bá ọ̀kan ṣọ̀tá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan, á kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ ní Yorùbá sórí bébà gbọọrọ kan lára fíríìjì. Bó bá parí rẹ̀, á kọ bó ṣe já sí. Kì í kọ àkọlé, ó ní irọ́ ni àkọlé máa ń pa. Ìràwọ̀ ló fi ń díwọ̀n adùn wọn bó ti ń kà wọ́n lọ, márùn-ún fún èyí tó bá dùn jù.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún la wà yìí, ọ̀sán ti pọ́n, ní apátímẹ́ǹtì wọn ní Greenspoint. Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan ló fi sílẹ̀ kó tó jáde: kí ìyá òun jẹun, kí wọ́n sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí òun tó dé; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún tuntun ò ní bá Rótìmí nínú ilé náà. Ìyá ọ̀hún, Mama Bísọ́lá, tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá wẹ ọmọ tuntun, jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú sùtánà funfun, wọn ò wọ bàtà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ògì yìí ti ń dì."

"Jẹ́ kó dì. Mo wà nínú ààwẹ̀, ọmọ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná. Omi nìkan ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá."

Ojú Bísọ́lá ló sọ sí Rótìmí lọ́kàn.

"Ta lẹ ń gbààwẹ̀ fún?"

"Francis."

"Francis mẹkáníìkì? Mo rí i lánàá, ara rẹ̀ le koko."

"Mi ò mọ mẹkáníìkì. Francis tó lọ ra búrẹ́dì tí wọn ò rí mọ́. Ìwọ lo kọ ọ́ sára fíríìjì. O ya ìràwọ̀ márùn-ún síwájú rẹ̀, mo sì tan àbẹ́là márùn-ún."

Rótìmí rọra gbé àwo ògì sílẹ̀. Ó gbójú sókè wo áláàmù èéfín tó wà ní àjà, èyí tó ti ń ké láìnídìí láti bí oṣù mélòó kan, tí máníjà ilé ti pààrọ̀ rẹ̀ títí tó fi sú u.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń tan àbẹ́là nínú ilé yìí?"

"Nínú balùwẹ̀ ni. Iye ìràwọ̀, iye àbẹ́là. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, ẹni tó bá wà nínú ìṣòro, wọ́n á lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri, wòlíì á kọ iye àbẹ́là síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo rí tìrẹ, orí mi wú. Mo ní àna mi rè é, òun fúnra rẹ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìṣòro ẹlòmíràn ló ń kọ."

"Ìwé ni, Mọ́mì. Àwọn ìwé tí mo kà lọ́dún yìí ni mo kọ síbẹ̀. Kò sí Francis kankan láyé."

Mama fẹ́ dìde. "Ó ti kú?"

"Kò kú. Kò sí rí ni. Ẹnì kan ló jókòó tó rò ó jáde láti inú orí ara rẹ̀."

"Ẹnì kan jókòó, ó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ ra búrẹ́dì, kò sì mú un padà wálé?"

"Òǹkọ̀wé ni."

"Kọ orúkọ òun náà síbẹ̀. Òun ló nílò àdúrà jù."

Rótìmí jókòó. Ẹni tó ti ka gbogbo ìwé yìí, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ẹ wo opó etí òkun tí mo kọ síbẹ̀ yẹn..."

"Tó nífẹ̀ẹ́ dókítà, tí dókítà ò mọ̀? Ìyẹn ti yanjú. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí o kọ ọ́ pé wọ́n ti fẹ́ra. Mo ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, ní Stafford, mo jó dé iwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ bá mi jó."

"Ìjọ bá yín jó nítorí opó inú ìwé?"

"Wòlíì ní kí n mú tọkọtaya náà wá gba ìbùkún. Mo ní etí òkun jìnnà."

Abájọ. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wòlíì ń bi Rótìmí pé dókítà ńkọ́, òun náà á rò pé dókítà tó ń tọ́jú Mama ni, á sì dáhùn pé dókítà wà.

"Ó sì pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kaobọ́ì yẹn," ni Mama wí. "Wọ́n jí gbogbo màlúù rẹ̀ kó lọ, o wá ya ìràwọ̀ ẹyọ kan fún un. Ṣé ẹ ń jà ni?"

"Ìwé náà ni kò dùn, Mọ́mì."

"Báwo ni yóò ṣe dùn? Wọ́n jí màlúù èèyàn kó."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo..."

"Mo fi àbẹ́là kún tirẹ̀. Má bínú, mi ò fẹ́ dá sí ìjà yín."

"Oòrùn ńkọ́? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé oòrùn yóò kú lọ́jọ́ kan. Ṣé ẹ gbàdúrà fún oòrùn náà?"

Mama rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyẹn ni mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí jìnnìjìnnì má baà bá ìjọ. Èmi nìkan ni mò ń gbé e."

"Òótọ́ ni ìyẹn ṣá. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni."

"O ò rí i?"

Rótìmí rí i pé ọwọ́ ara òun lòun fi ṣe ara òun. Ó tún gbé àwo ògì.

"Oòrùn nìkan ni, Mọ́mì. Francis ò sí. Ẹ jẹun."

"Bí kò bá sí, kí ló dé tí o ò sùn níjẹta? Mo bá ọ lórí àga, o di ìwé mú. Mo ní kí ló dé. O ní, 'Mọ́mì, ọkàn mi ò balẹ̀ nípa Francis yìí.' Ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀."

Rótìmí fa ìwé náà sún mọ́ra lórí àga.

"Ìwọ lè ṣàìsùn nítorí ẹni tí kò sí, èmi ni mi ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ fún un?" Mama na ìka sí ìwé náà. "Ó dáa. Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n rí i. Bí wọ́n bá rí i, màá jẹun."

"Mi ò lè ṣe é."

"Ìwé rè é, ọwọ́ rẹ rè é."

"Òfin mi ni. Ẹni tó bá yọjú wo ẹ̀yìn ìwé, kò ka ìwé yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ fagi lé e lórí bébà. Mọ́mì, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé, kò sí nǹkan tí mo rí parí, àfi bébà yẹn. Ìwé kan yìí ló kù kó kún, ọdún sì ń parí lónìí. Mo fẹ́ kí nǹkan kan pé lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí."

Mama tún ìjókòó wọn ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Kà á bó ṣe yẹ, nígbà náà. Màá dúró."

"Ó ku bí ìdajì ìwé."

"Kí n tó bí ìyàwó rẹ, mo dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò Bísọ́lá nísàlẹ̀. Rótìmí wo ìwé, ó wo oògùn, ó wo Mama tí wọn ò tíì jẹun láti àná. Ó pòṣé, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé.

"Wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i, Mọ́mì."

"Ògo ni fún Olúwa. Níbo?"

"Nílé ìyàwó kejì. Kò sọnù rárá, ńṣe ló sá lọ. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ búrẹ́dì náà."

Mama gba àwo ògì, wọ́n gbé e mu láìsinmi, wọ́n da oògùn sẹ́nu, wọ́n nu ètè.

"Lọ sí balùwẹ̀, kí o pa àbẹ́là mẹ́rin. Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀."

"Èwo nínú àwọn méjèèjì?"

"Èyí tó ń dúró de búrẹ́dì."

Nígbà tí Rótìmí padà dé, ó mú bíró, ó fagi lé Francis bí òfin rẹ̀ ṣe wí. Ìsàlẹ̀ bébà wá ṣófo sílẹ̀ báyìí. Ó dúró, ó ń wò ó, ó dùn ún wọra. Mama dìde, wọ́n gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbi tó ṣófo náà díẹ̀díẹ̀: *Olúrótìmí. Kó ríṣẹ́.* Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìràwọ̀. Wọ́n yà á títí bébà fi tán, wọ́n bọ́ sára fíríìjì. Kọ́kọ́rọ́ Bísọ́lá ti ń yí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ó tó. Àbẹ́là mélòó lẹ fẹ́ tàn?"

Mama ò gbójú sókè.

"Sọ fún máníjà kó wá yọ áláàmù rẹ̀ kúrò."