Adìẹ Kan Ṣoṣo tó Di Ogójì

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa wí pé adìẹ tí a kà nígbà ogójì, ẹyin kan náà ni yóò yé? Ẹ ò mọ̀. Ẹ fún mi lómi mu ná. Ó dáa.

Ní abúlé Eléruku, lúkúlúkú pa adìẹ gbogbo tán, ó ku ẹyọ kan péré, ti Ìyá Àwẹ̀ró. Ọba wá ní abúlé tí àrùn náà bá ti jà, òun á fi àgbébọ̀ kan àti àkùkọ kan ránṣẹ́ sílé kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àwẹ̀ró ti ń retí àkùkọ tí yóò fi ṣe ọkọ fún adìẹ rẹ̀. Àmọ́ Baálẹ̀ Akínrògún ti lọ fọ́nnu láàfin pé àrùn kì í wọ ìlú tí òun bá ti ń jẹ Baálẹ̀.

Ìlàrí ọba wá ka adìẹ abúlé náà láti ilé dé ilé. Bó bá rí adìẹ kan, á sọ òkúta kan sápò. Bó ṣe kúrò nílé kìíní, ti Ìyá Àwẹ̀ró, Baálẹ̀ gbé adìẹ náà gba ẹ̀yìnkùlé, ó fi osùn kùn ún, ó jù ú sílé kejì. Nílé kẹta, èédú ni. Nílé kẹrin, ẹfun.

"Baálẹ̀, kí lẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ sí?"

"Ayọ̀ ni, ìlàrí."

Ìyá Àwẹ̀ró figbe ta. "Baálẹ̀, àkùkọ mi ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ pa ẹnu yín mọ́ jàre. Iyì ìlú la wà lẹ́nu ẹ̀."

Nígbà tó fi máa dé ilé kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ náà ti sú adìẹ. Ó ń ṣáájú wọn lọ fúnra rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n wá ka òun.

Ìlàrí ní, "Adìẹ ìlú yìí mà mọ àlejò kí o!"

Òkúta pé ogójì. "Ìlú ọlọ́rọ̀ rèé! Kí ọba lè gbà mí gbọ́, ẹ bá mi kó ẹyin kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ adìẹ kọ̀ọ̀kan. Mò ń dúró."

Hà! Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú adìẹ. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ yé ogójì."

Adìẹ fi ojú kan wò ó. Ó yé ẹyọ kan, ó sùn.

Baálẹ̀ gbé ẹyin náà sókè, ojú ò tì í. "Ìlàrí, ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní."

Ìyá Àwẹ̀ró já ẹyin rẹ̀ gbà. "Baálẹ̀, ìyẹ́ ló gba osùn. Ìdí ò gbà á."

Ìlàrí da òkúta mọ́kàndínlógójì lé Baálẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kí ọjà márùn-ún tó pé, adìẹ méjì-méjì ti dé gbogbo ilé, àfi ilé Baálẹ̀. Ọba ní tirẹ̀ ti wà nínú ogójì tí ìlàrí kà.

Nítorí náà, bí ìjọba kan bá gbé ìwé lé yín lọ́wọ́ pé nǹkan pọ̀ yanturu, ẹ má bá a jà. Ẹ ṣáà ní kó kó ẹyin wá. Adìẹ tí a kà nígbà ogójì, ẹyin kan náà ni yóò yé.