Ọjọ́ Tí Ìyá Ṣùkúrù Di Kọ̀ǹpútà

Ní Ìkòsì ni, lọ́dún 1977, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Modinat, ìyá Ṣùkúrù, jókòó ti báàfù gàrí rẹ̀ níwájú ilé. Ọláwuyì, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, sáré jáde láti inú ilé pẹ̀lú ìwé kan àti àpò kan lọ́wọ́.

ỌLÁWUYÌ: Ìyá Ṣùkúrù, ẹ gbà mí! Aago mẹ́ta ni ọ̀gá wa máa gba ìwé yìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá yege nìkan ló máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Àwọn tó kù, ojú fèrèsé ni wọ́n á ti máa wò ó.

MODINAT: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Akọ̀wé ọkọ mi. Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?

ỌLÁWUYÌ: Wọ́n ní kí kálukú mú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí a ṣe máa kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. Gàrí títà ni mo mú. Ẹ̀yin ni kọ̀ǹpútà, èmi ni oníbàárà.

MODINAT: Gàrí? Ṣé ìyẹn náà le ni?

ỌLÁWUYÌ: Ó le o! Kọ̀ǹpútà ò mọ gàrí rí. Kì í ronú. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ló ń ṣe, bó ṣe tò tẹ̀léra. Kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé yìí láti jẹ́rìí, òdo ni n ó gbà.

MODINAT: Ìbéèrè kan péré?

ỌLÁWUYÌ: Ìyẹn ò sí nínú rẹ̀, a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó yá, a ti bẹ̀rẹ̀ o!

MODINAT: Kí...

(Ó fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó na ẹ̀yìn ró bí òpó iná.)

ỌLÁWUYÌ: (Ó ń kà.) Bu gàrí kún kóńgò. Dà á sí àpò oníbàárà.

(Modinat bu gàrí, ó dà á lé àpò lórí. Okùn wà lẹ́nu àpò. Gàrí fọ́n ká ilẹ̀.)

ỌLÁWUYÌ: Háà! Ẹ ò rí i pé mo so ó lẹ́nu ni?

MODINAT: Èmi rí i. Kọ̀ǹpútà ni ò rí i.

ỌLÁWUYÌ: Òótọ́ ni, àṣìṣe mi ni. (Ó kọ ìlà tuntun síbi tí àyè wà, ó sì tún un kà.) Bu gàrí kún kóńgò. Dà á sí àpò oníbàárà. Tú okùn ẹnu àpò.

(Modinat bu gàrí, ó dà á lé àpò lórí, ó fọ́n ká ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tú okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.)

ỌLÁWUYÌ: Okùn lẹ bá kọ́kọ́ tú!

MODINAT: Bí o ṣe kà á ni mo ṣe ṣe é. Adìẹ àdúgbò yìí á ṣàdúrà fún ọ lónìí.

(Ọláwuyì gbé ìlà okùn sókè ìlà àpò. Lẹ́ẹ̀kẹta, gàrí wọ àpò.)

ỌLÁWUYÌ: Ẹ rí i! Ó ku èènì. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Bí oníbàárà kò bá tíì rẹ́rìn-ín, padà lọ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i.

(Modinat bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó wo ojú Ọláwuyì. Ó bu òmíràn. Ó tún wo ojú rẹ̀. Ó bu òmíràn.)

ỌLÁWUYÌ: Ó tó o.

(Òmíràn.)

ỌLÁWUYÌ: Mo ní ó tó! Àpò ti kún!

MODINAT: «Ó tó» ò sí nínú ohun tí o kà.

(Òmíràn.)

ỌLÁWUYÌ: Ẹ dáwọ́ dúró, gàrí yín ń ṣòfò!

MODINAT: Mo mọ̀. Àyà mi ń já. Ẹ̀rín rẹ ni mò ń dúró dè.

(Òmíràn.)

ỌLÁWUYÌ: Báwo ni mo ṣe fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú wàhálà yìí?

MODINAT: Má bi kọ̀ǹpútà léèrè. Òun náà ò bi ọ́.

(Òmíràn. Ọláwuyì fi ìka méjì fa ẹnu ara rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, gbogbo eyín rẹ̀ hàn síta. Ọwọ́ Modinat dúró lójú ẹsẹ̀.)

MODINAT: Akọ̀wé, gbọ́ mi. Látìgbà tí mo ti ń ta gàrí, n kò rí oníbàárà tó rẹ́rìn-ín sí èènì rí. Bí o bá gbé báàfù fún wọn tán, wọ́n á ní ó ku díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń bu èènì. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mejì, a ó da aṣọ bo báàfù, a ó sì kí ẹni tó kàn.

(Ọláwuyì pa ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rẹ́, ó kọ ti ẹ̀ẹ̀mejì àti ti aṣọ sí i. Ó da gàrí àpò padà sínú báàfù, ó so àpò, ó sì kà á látòkè délẹ̀. Kóńgò kún. Okùn tú. Gàrí wọ àpò. Èènì kan, èènì méjì. Aṣọ bo báàfù. Modinat dúró gbọnin.)

ỌLÁWUYÌ: (Ó fò sókè.) Ó ṣiṣẹ́! Ẹ tẹ̀ka síbí kí n sáré wọ bọ́ọ̀sì. N ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lónìí! Ìyá Ṣùkúrù, ẹ ò mà bi mí ní ìbéèrè kankan!

(Modinat ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà tí Ọláwuyì gbé síwájú rẹ̀. Ó gbé e dé òkè ìwé, ó ku díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ wú.)

MODINAT: Èmi ìyá Ṣùkúrù? Ṣé mo jọ ẹni tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni?