Orin Ọ̀run Tí Mo Gbà Lábẹ́ Igi Kòkó

Ọjọ́ ìkórè kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí rẹ̀, àfi kí n fọwọ́ bojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Ìtọpinpin ló fà á. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé ojú mi kì í sinmi, etí mi kì í sinmi, ẹnu mi gan-an ló sì yẹ kó sinmi jù.

Nígbà náà, mo ń fẹ́ Yétúndé, ọmọ Aládé, nínú Ìdànrè wa níbí. Yétúndé ti gbà. Bàbá rẹ̀ ni kò tíì fọhùn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá yìí, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà wa, ẹni tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí nítorí orin ayé. Bí mo bá kí i, á ní, "Ó dáa," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí lèèyàn fẹ́ fi "ó dáa" ṣe, ẹ jọ̀ọ́? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ sóko ní Sátidé, ká jọ máa fọ́ kòkó. Mo ní bóyá tó bá rí òógùn mi, á sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orin náà. Bí Bàbá bá ti jókòó ti òkìtì kòkó, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ọ́. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ohùn lásán ni, ṣùgbọ́n ó dùn! Kùmọ̀ tó fi ń fọ́ kòkó á sì máa bọ́ síbi tó yẹ kí ìlù bọ́ sí gẹ́lẹ́.

"Bàbá, orin wo lèyí, ẹ jọ̀ọ́?"

"Orin tó ń gbé mi ró ni," ó ní. "Fọ́ kòkó rẹ."

Mo fọ́ kòkó mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo wá inú ìwé orin ìjọ títí, n ò rí i. Mo bi Yétúndé, ó ní láti ìgbà tóun ti gbọ́njú ni bàbá òun ti ń kọ ọ́, òun ò sì bi í léèrè rí. Ẹ gbà mí o! Kéèyàn máa bá àdììtú gbélé, kó má bi í léèrè! Èmi kúkú gbà pé orin àwọn bàbá ìgbàanì tó dá ìjọ sílẹ̀ ni, tí gbogbo ayé ti gbàgbé.

Ìkórè wá sún mọ́lé, èmi sì ni olórí akọrin. Ọgbọ́n burúkú kan sọ sí mi lọ́kàn: n ó fi orin Bàbá ṣe orin ìkórè. Mo fi ọ̀rọ̀ sí i: òjò rọ̀, kòkó so, Olúwa ò jẹ́ ká ṣòfò. Bí Bàbá bá gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́nu gbogbo akọrin tí kò sì fọhùn, ó di ọjọ́ wo?

Ẹ̀yin èèyàn mi, orin náà wọ ìjọ lára. A kọ ọ́ tán, wọ́n ní ká tún un kọ. Àwọn ìyá bọ́ sí àárín pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ń jó títí ilẹ̀ fi ń mì. Wòlíì fúnra rẹ̀ gbé agogo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó. Mo yọjú wo Bàbá níbi táwọn àgbà jókòó sí. Kò jó. Ó di àga mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ló ń gbé mì.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Wòlíì pè mí síwájú.

"Ọmọ Ọlọ́run, níbo lo ti gba orin yìí?"

"Lóko kòkó ni, sà."

"Ẹ gbọ́! Lóko! Ìdí àgùntàn ni Mósè wà tí Ọlọ́run fi pè é! Orin ọ̀run nìyí! Ẹ ké halelúyà!"

Ìjọ ké e. Bí halelúyà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ẹ̀rín kan bú jáde lẹ́yìn. Alhaji ni, àbúrò Bàbá tó ń ta aṣọ ní Ọ̀wẹnà, tó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀. Ó ti dìde, ó fọwọ́ di ikùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé kì í ṣe orin àwọn òyìnbó onígìtá yín nìyí? Àwọn onírun gígùn yẹn! Èyí tí tíṣà yín fún yín ní réékọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti gbé e lédè òyìnbó. Ọmọkùnrin kan ló ń bẹ ọmọbìnrin kan pé kó má tíì relé, káwọn jọ jó di ìdájí. Òjò ò sí níbẹ̀. Kòkó ò sí níbẹ̀. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti Olúwa.

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ kọ̀. Gbogbo ojú kúrò lára mi, ó di ara Bàbá. Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde láìwẹ̀yìn. Yétúndé wò mí láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ojú yẹn sì sọ gbogbo rẹ̀ tán: mo ti dójú ti bàbá òun láwùjọ. Mo mọ̀ pé ìyàwó ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. N ò mọ̀ ni."

Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti wọ sùtánà ni mo ti ń fi imú kọ orin yẹn, torí n ò gbọdọ̀ fẹnu kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí, títí kan ìyá Yétúndé kó tó kú. Ìwọ nìkan lo bi mí, mo sì ní kó o fọ́ kòkó rẹ."

Ó na ọwọ́ mú fóònù rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Mẹ́rin ni mo fẹ́ràn jù nínú orin wọn. Èyí tó o kó òjò àti kòkó bá yẹn, ìkẹta ni. Jókòó, kó o gbọ́ èkíní. Ẹni tó máa fẹ́ ọmọ mi ò gbọdọ̀ máa ṣi orin wọn kọ."

Mo jókòó.

Ní ti ìjọ, wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì ní níwọ̀n bí orúkọ Olúwa ti wọnú orin náà, ó ti ṣèrìbọmi. A ṣì ń kọ ọ́ nígbàkígbà tí ìkórè bá dé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí nǹkan bá ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ bi í délẹ̀. Ìbéèrè àbọ̀ ló kó bá èmi. Àmọ́ o, bí ìjọ bá ti ń ké pé òjò rọ̀, kòkó so, Bàbá àna mi, tó ń fi imú kọrin tẹ́lẹ̀, á la ẹnu gbàgà, á máa kọ ti òyìnbó, á sì máa ṣẹ́jú sí mi. Èmi olórí akọrin ni mo wá ń wá ibi tí n ó ti rẹ́rìn-ín.